Múfútáù Kì í Ṣe Olè Wáyà

Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Igando níbí o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú àbójútó àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi Mọ́ríyà, mo kí yín tọkọtaya. Bàbá Ìmámù àdúgbò wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àlàáfíà ni mo wà, bí a bá lè pe ara tó ń ro èèyàn títí di òní ní àlàáfíà.

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa bi ara yín léèrè pé kí ló dé tí lẹ́tà tó yẹ kó wà láàárín èmi àti ẹ̀yin fi dé inú ìwé ìròyìn. Ẹ má bínú, Bàbá mi. Ohun tí ẹ̀yin náà fi ránṣẹ́, gbogbo ayé ló rí i. Ẹ gbé fídíò tí wọ́n ti ń lu ọ̀rẹ́ mi sínú gúrúùpù ẹbí, ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí gbogbo ẹbí wá wo Múfútáù ọmọ ìyá ọlọ́ṣẹ, pé iṣẹ́ tó ń ṣe l'Ékòó nìyí, pé kí Ọlọ́run máa tú àṣírí àwọn olè. Láti gúrúùpù ẹbí ló ti bọ́ sí ti mọ́ṣáláṣí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti dé ọ̀dọ̀ bàbá Sìkírátù, àfẹ́sọ́nà Múfútáù. Wọ́n ti kó ẹrù ìdána padà, wọ́n dà á sí ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ bí ẹni ń da ilẹ̀. Ìyá yẹn gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn lọ sọ́jà, ó sì rù ú padà bó ṣe rù ú lọ, ẹnikẹ́ni ò rà á. Ẹ tún wá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé kí n kó kúrò nínú yàrá tí èmi àti ọmọ náà jọ ń gbé, kí n má bàa bá a pín nínú ìtìjú.

Inú bí mi, Bàbá mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ purọ́. Bí mo bá ní inú ò bí mi sí yín, irọ́ gidi nìyẹn.

Múfútáù kì í ṣe olè. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ fara balẹ̀ kà á títí dé ìsàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ yín ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Ékòó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ilé iṣẹ́ wa ń bá àwọn ẹlòmíràn gbé ìpè. Ilé ìwòsàn aládàáni, ilé iṣẹ́ àwọn gáàdì, àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn, gbogbo wọn ló ní ká máa bá àwọn gbé fóònù. Bí iná bá ń jó ilé ẹnì kan ní Òkè-Odò, bí àwọn adigunjalè bá ń já ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan lórí ní Ẹ̀gbẹ́dá, bí ọmọ bá fẹ́ wáyé tí ọkọ̀ ò sí, àwọn ọmọbìnrin tó jókòó sínú gbọ̀ngán wa ló ń dá wọn lóhùn. Ìpè náà kì í gba afẹ́fẹ́ wọ ọ̀dọ̀ wa bí ó ṣe ń wọ fóònù ọwọ́ yín. Inú wáyà ló ń gbà. Wáyà fáíbà ni wọ́n ń pè é, kò sí bàbà kankan nínú rẹ̀, dígí tó tín-ín-rín bí irun orí ló kún inú rẹ̀. Bí wáyà yẹn bá já, gbogbo gbọ̀ngán ya odi.

Iṣẹ́ tèmi ni pé kó má ya odi. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣòro fún yín. Bí ọ̀nà Ọ̀yọ́ bá dí, ẹ máa ń gba Òṣogbo yọ sí Ìwó kí ẹ tó dé Ìbàdàn, ẹrù á sì dé. Bí mo ṣe ya ọ̀nà fún ìpè nìyẹn. Ọ̀kan gba títì Ìkòtún. Èkejì gba ẹ̀yìn, ó gba Ìṣẹ̀rí-Olófin já sí Ìdímù. Ilé iṣẹ́ tó ni ọ̀kan kọ́ ló ni èkejì, wọn ò jọ gba afárá kankan, iná tó ń gbé ẹ̀rọ ọ̀kan kọ́ ló ń gbé tèkejì. Bí ọ̀kan bá já, ìpè á fò sí ìkejì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo ti ro ti òjò, mo ro ti katakata tó ń gbẹ́ títì, mo ro ti àwọn tó ń jí wáyà, mo ro ti iná ìjọba tó jẹ́ pé ìgbà tó bá wù ú ló ń wá. Ọ̀gá wa, obìnrin Èkìtì kan tí kì í yin èèyàn, yìn mí lójú gbogbo ilé iṣẹ́. Orí mi wú lọ́jọ́ náà.

Èmi ló ń yà á sórí ìwé, Múfútáù ló ń fi ọwọ́ ṣe é. Òun ló ń so wáyà. Á bó èèpo rẹ̀, á nu irun dígí náà, á ki í bọ inú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi iná yọ́ orí méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n báyìí, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ Múfútáù kì í gbọ̀n. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń bá Ìyá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà tí a wà ní kékeré.

Ayé Igando ò rọrùn, n kò ní tàn yín. Bí òjò bá rọ̀, òórùn ààtàn Solous á wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Bí oòrùn bá ràn, eṣinṣin á dé. Ọjọ́ Sunday, tí kálukú bá ń kí ẹbí rẹ̀, èmi àti Múfútáù nìkan la máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí a máa ń sọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ títí ọ̀fun á fi gbẹ. Owó tí ẹ ń rí gbà lọ́wọ́ mi lóṣooṣù, nígbà míì tí owó mi bá pẹ́, tirẹ̀ ló ń ṣáájú wá. N kò sọ fún yín rí. Òun ló ní kí n má sọ.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ri òpó wáyà mọ́lẹ̀ níbí. Ìwé ìjọba nìkan ò tó. O gbọ́dọ̀ kí àwọn ọmọ àdúgbò. Ẹni tó ni apá Ìkòtún ni wọ́n ń pè ní Irin. Ẹni tó ni apá Ìṣẹ̀rí ni Ẹlẹ́ja, ẹja ló ń tà tẹ́lẹ̀ kó tó rí i pé àdá ń mówó wọlé ju ẹja lọ. Bí wọ́n bá ti gba tọwọ́ rẹ, wọ́n á kun òpó rẹ ní ọ̀dà, kí àwọn ọmọ ìta yòókù lè mọ̀ pé wọ́n ti jẹun lórí rẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà pupa ni ti Irin, búlúù ni ti Ẹlẹ́ja. Inú wa dùn sí ọ̀dà yẹn ju ìwé ìjọba lọ. Èmi gan-an ni mo ní kí wọ́n kùn ún kó nípọn dáadáa, kó hàn dé ọ̀nà jíjìn.

Ìjà àwọn méjèèjì bẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítorí ilẹ̀ kan tó wà lẹ́bàá ààtàn. Bàbá mi, ẹ ti rí ìjà gáréèjì rí, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí èyí. Wọ́n ṣá ọmọkùnrin kan ládàá léjìká níwájú ibi tí mo ti ń ra búrẹ́dì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tú sára gíláàsì àpótí búrẹ́dì náà. Ìgò ń fò. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ méjì, wọ́n fọ́ orí ìyá àgbà kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tó kàn jáde wá wá ọmọ rẹ̀ ni. Mo ń wo gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé ilé iṣẹ́.

Àwọn ọmọ Ẹlẹ́ja wá Irin dé títì Ìkòtún, wọn ò rí i. Ọ̀dà rẹ̀ ni wọ́n rí. Wọ́n ní nǹkan Irin ni gbogbo òpó pupa, wọ́n gé wáyà náà lágèédànù, wọ́n sì wó òpó tí wọ́n lè wó. Ìpè fò sí ọ̀nà kejì, gbọ̀ngán ò mọ nǹkan kan. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Ẹ̀rín náà ò tíì kúrò lẹ́nu mi dáadáa tí àwọn ọmọ Irin fi lọ gbẹ̀san ní Ìṣẹ̀rí, tí wọ́n rí òpó búlúù. Àwọn náà gé e. Ọ̀nà méjì ni mo yà, ìjà kan ṣoṣo ló já méjèèjì. Ọ̀dà tí a ní kó máa dáàbò bò wá ló júwe wáyà wa fún àwọn tó fẹ́ bà á jẹ́.

Gbọ̀ngán ya odi. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ohùn ọmọbìnrin kan ṣoṣo là ń gbọ́, Bùkọ́lá, tó ń pariwo hẹ́lò, hẹ́lò. Ọkùnrin kan ló ń bá sọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ bímọ sílé ní Òkè-Odò, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. Bùkọ́lá ti ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn obìnrin náà. Ó wá bi í pé òpópónà wo, wáyà já kí ọkùnrin náà tó dáhùn. Ọkọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀, dókítà wà, ibi tí wọ́n máa lọ ni kò sí ẹni tó mọ̀. Bùkọ́lá fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ gbìyànjú, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló wà lórí fóònù nítorí ìjà, kò wọlé. Ó bọ́ nǹkan etí rẹ̀ sọ nù, ó ń fi orí gbá tábìlì.

Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má jáde, pé wọ́n ń pa èèyàn níta. Òótọ́ ló sọ. Múfútáù ò bá a jiyàn, ó kàn gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ kọ́pá. Mo bi í pé ṣé orí rẹ̀ dá ṣáṣá ni. Ó ní obìnrin yẹn ń ṣẹ̀jẹ̀, àbí mi ò gbọ́ ni. Kí ni mo lè ṣe? Mo tẹ̀lé e. Bàbá mi, ẹ bá mi sọ ọ́, ṣé kí n jókòó?

Apá Ìṣẹ̀rí la gbà, torí àwọn oníjà ti padà sí Ìkòtún. Ẹ̀wù iṣẹ́ wa, pupa ni. Pupa ni ọ̀dà Irin, Ìṣẹ̀rí sì ni ilé Ẹlẹ́ja. Ẹni tó bá wọ pupa wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, ikú ara rẹ̀ ló ń wá. A bọ́ ẹ̀wù náà, a kó o sínú àpò. Báyìí la ṣe di ẹni tí kò ní àmì kankan lára.

A rí ojú ibi tí wọ́n ti gé e lẹ́yìn ilé kan, ó já sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Múfútáù jókòó lé ilẹ̀, ó fi ọ̀bẹ bó èèpo wáyà. Irun dígí pọ̀ nínú rẹ̀, méjì péré ni tiwa. Ó ní tiwa ni òun máa kọ́kọ́ so, kí ìpè lè máa kọjá. Òjò ń kán, mo fi ara bo ẹ̀rọ náà. Ó so èkíní. Ó so èkejì. Ìmọ́lẹ̀ yọ nínú ẹ̀rọ, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ó ti wọlé, jàre.

Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti yọjú láti fèrèsé. Ẹ wò ó bí òun ṣe rí i. Ọkùnrin méjì tí kò mọ̀ rí, wọ́n lúgọ sẹ́yìn ilé, wọ́n mú ọ̀bẹ dání, wáyà gígé wà lórí itan wọn, lọ́jọ́ tí gbogbo àdúgbò ń jó. Ó figbe ta, ó ní olè, olè wáyà!

Bàbá mi, àwọn ọmọ ìta kọ́ ló lù wá. Àwọn ọmọlúàbí ni. Àwọn onílé ni, àwọn ìyá ọlọ́mọ, bàbá kan tó so tẹ̀súbáà mọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹ̀rù ìjà ti ń bà wọ́n láti àárọ̀, wọn ò rí ẹni tí wọ́n máa gbẹ̀san lára rẹ̀, wọ́n wá rí wa. Igi, bẹ́líìtì, bíríkì. Mo ń pariwo pé òṣìṣẹ́ ni wá, mo fẹ́ fa ẹ̀wù pupa yọ fi hàn wọ́n, ẹnì kan fi irin gbá mi lọ́wọ́. Múfútáù ò sá. Ó dojú bo wáyà tó so náà, ó ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn kí wọ́n má bàa tún un fà já. Wọ́n fi bàtà tẹ ọwọ́ yẹn. Wọ́n fi bíríkì gún un bí ẹni gún ata. Mo gbọ́ nígbà tí egungun ìka rẹ̀ ń ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n yí táyà dé, tí òórùn pẹtiróòlù gba imú mi, mo sùn lé e lórí, mo ń ka kálímà ṣàhádà bí ẹni tó fẹ́ kú. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń ya fídíò ti sún mọ́ wa.

Ẹ tún fídíò yẹn wò, Bàbá mi. Ojú Múfútáù nìkan ló hàn níbẹ̀. Ẹnì kan wà lórí rẹ̀ tí kò kọjú síta, tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì nà lẹ́yìn, tí ẹ̀jẹ̀ bo ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Èmi ni. Ọmọ yín tí ẹ bí ni ẹ ń wò, tí ẹ wá bẹ Ọlọ́run kó máa tú àṣírí rẹ̀.

Fídíò náà dópin níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò dópin. Wáyà tí Múfútáù so ti ń ṣiṣẹ́. Kíá ni Bùkọ́lá ti pe ọkọ obìnrin yẹn padà, ó gba àdírẹ́sì, ọkọ̀ gbéra. Obìnrin náà wà láàyè, ọmọ rẹ̀ wà láàyè, ẹ bá wa dúpẹ́. Ìpè tó tún wọlé tẹ̀lé e, láti òpópónà tí wọ́n ti ń lù wá ni. Onílé kan ló pe nọ́ńbà àwọn gáàdì pé àwọn ti mú olè wáyà méjì lẹ́yìn ilé òun, pé wọ́n fẹ́ dáná sun wọ́n, kí gáàdì wá rí sí i kí iná má bàa ran ilé òun. Ẹ gbọ́ o, nítorí ilé ló ṣe pè. Bùkọ́lá bi í pé ẹ̀yìn ilé wo. Bó ṣe gbọ́ Ìṣẹ̀rí, ó dìde, ó figbe bọnu, ó ní àwa ni. Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ àwọn gáàdì, kò wọ bàtà. Obìnrin tí mo ní kì í yin èèyàn yìí já wọ àárín wọn, ó gbá kẹ́ẹ̀gì tí ẹnì kan mú lọ́wọ́ dànù pẹ̀lú pẹtiróòlù inú rẹ̀, ó jókòó lé wa lórí, ó ní kí wọ́n sun òun náà. Wọ́n wá ń wo ara wọn lójú. Bàbá tẹ̀súbáà ni ó kọ́kọ́ ju igi sílẹ̀, ó ní àwọn ò mọ̀.

Àwọn ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ò mọ̀. Gbogbo ayé ni kò mọ̀, ọwọ́ Múfútáù ló jẹ ìyà àìmọ̀ náà.

Ẹ̀yìn mi ti ń san. Ní ti ọ̀rẹ́ mi, wọ́n di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní sìmẹ́ńtì. Dókítà ní ìka méjì lè má ká mọ́ láéláé, ẹ sì mọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Kò sunkún nítorí ìyẹn. Ọjọ́ tí mo rí omi lójú rẹ̀ ni ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ pè é. Ìyá náà ò bi í pé báwo lara rẹ. Ó bi í pé ṣé òótọ́ ni. Múfútáù rọra gbé fóònù sílẹ̀, ó yíjú sí ògiri, ó ní Táófíkì, ìyá mi náà bi mí. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè ilé mọ́. Ó ní Sìkírátù lè fẹ́ ẹni tó bá wù ú, pé òun ò ní padà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Mo mọ̀ ọ́n, bó bá sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa rí, àyàfi bí ẹnì kan bá ṣe nǹkan.

Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó ṣe é. Kì í ṣe kí ẹ pa fídíò náà rẹ́, ẹyin ti fọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, kí ẹ dìde nínú mọ́ṣáláṣí, kí Bàbá Ìmámù jẹ́rìí, kí ẹ sọ pé ẹ ṣì í sọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ mú ìyá ọlọ́ṣẹ, kí ẹ fi í síwájú, kí ẹ tẹ̀lé e lẹ́yìn gba àárín ọjà kọjá títí dé ilé bàbá Sìkírátù. Ẹ bá wọn ru ẹrù ìdána náà padà lọ. Mo mọ̀ pé àgbàlagbà ni yín, mo mọ̀ pé ojú á tì yín. Múfútáù náà, ojú tì í, òun kò sì ṣe nǹkan kan.

Ọlọ́run Ọba á fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle. Kò ní jẹ́ kí ẹ fojú sunkún ọmọ. Ìyá mi, ẹ má sunkún lórí ẹ̀yìn mi, ó ti ń jiná, ẹ bá mi tọ́jú ara yín. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, tọmọdé tàgbà, ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n mi Mọ́ríyà kó má bínú pé ohùn mi le sí Bàbá. Ẹ bá mi kí ìyá ọlọ́ṣẹ ju gbogbo wọn lọ.

Ọdún Iléyá ń bọ̀, ẹ ti ń bi mí bóyá mo máa wálé. Bí ẹ bá lọ sílé bàbá Sìkírátù, èmi àti Múfútáù á jọ wá, Ìnṣá Allah. Bí ẹ ò bá lọ, tí ó bá ń wù yín láti rí mi, ẹ ní fídíò lọ́wọ́.

Èmi ni,
Táófíkì ọmọ yín, ẹnìkejì olè.